Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi, àti Ohun tí Ìpẹtà Kọ́ Mi

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń ka ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọ, ìtọ́jú aṣọ àti ìtọ́jú oúnjẹ ní ojú ewé yìí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ń bọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní agbègbè wa, tí a kì í sì í kà mọ́ ohun ìní ilé rárá. Ohun náà ni ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, èyí tí gbogbo wa ń pè ní píkọ́ọ̀pù. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, ọmọ a lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Bí ó bá dùbúlẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ a dùbúlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe bínú sí mi bí mo bá fi àyè tí a fún mi ní ọ̀sẹ̀ yìí sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, níbi tí a ń kó ẹrù sí, àti ohun tí ó yẹ kí a fi bò ó kí ó má bàa jẹrà. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúwàbí bí ẹ ti lè rò, ẹ̀yin náà yóò sì rí i kí n tó parí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta ẹja ní ọjà Ajah. Ọkọ rẹ̀ fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 2016. Ọmọ mẹ́ta ni ó fi sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú ọkọ̀ Toyota Hilux tòkunbọ̀ kan tí ó ti rà ní ọdún méjì ṣáájú ikú rẹ̀. Kò sí ilé, kò sí ilẹ̀, kò sí owó ní báńkì. Ọkọ̀ yìí nìkan ni ogún. Ní ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin a jí ní aago mẹ́rin òru, a wa ọkọ̀ náà lọ sí Ẹ̀pẹ́, sí ọjà ẹja Olúwo, a sì kó ẹpìyà, àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún bọ̀ nínú yìnyín, kí oòrùn tó mú. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, a máa ń fi ọkọ̀ náà bá àwọn tí ń kọ́lé ní Sangotedo, Badore àti Awoyaya kó símẹ́ǹtì, irin, yanrìn àti òkúta. Iṣẹ́ yìí pọ̀ sí i gan-an láti ọdún 2023, nígbà tí a ṣí èbúté omi jíjìn ti Lekki àti ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lekki, nítorí kò sí ibi tí a kò ti ń kọ́lé mọ́ ní ẹ̀bá ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Láti inú ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí ni owó ilé ẹ̀kọ́ ti ń jáde. Èmi ni àbúrò, èmi ni mo sì gbà láti máa bojú tó ọkọ̀ náà fún wọn, nítorí mo rò pé mo mọ̀ nípa ọkọ̀.

Ẹni tí kò bá gbé ní ilẹ̀ Lekki kò lè mọ bí irin ti ń jìyà tó níbẹ̀. Òkun Àtìláńtíìkì wà ní gúúsù wa, ọ̀sà wà ní àríwá wa, àwa sì wà ní àárín omi méjì bí ẹni tí a há mọ́ àárín ìlẹ̀kùn méjì. Nínú lítà kan omi òkun, iyọ̀ tí ń bẹ nínú rẹ̀ tó nǹkan bí gíráàmù 35. Nígbà tí ìgbì bá fọ́ sí etí òkun, afẹ́fẹ́ a gbé ìkùukùu omi iyọ̀ náà wọ àárín ìlú, a sì tẹ́ ẹ sí ara ohun gbogbo. Ẹ wo irin ẹnu ọ̀nà yín, ẹ wo irin ojú fèrèsé, ẹ wo àpótí ẹ̀rọ amúlétutù tí a gbé kọ́ ara ògiri; ìpẹtà ti fi ọwọ́ kan gbogbo wọn. Omi àti afẹ́fẹ́ nìkan tó láti mú irin dípẹtà, ṣùgbọ́n iyọ̀ a máa fa ọ̀rinrin mọ́ra, kì í jẹ́ kí irin gbẹ, a sì máa mú kí iṣẹ́ ìpẹtà yára ju bí ó ti yẹ lọ. Ohun tí ó sì burú jù lọ ni pé ìpẹtà a máa wú. Àyè tí ó ń gbà ju àyè irin tí ó jẹ lọ. Nítorí náà, bí ó bá ti wọ abẹ́ ọ̀dà ní ojú kan, a ti ọ̀dà náà sókè, a sì ṣí ọ̀nà fún omi láti wọlé síwájú sí i. Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé.

Ní ọdún 2018, mo rí i pé irin ilé tí a ń kó ti ha ọ̀dà ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ní ibi púpọ̀. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé a ní láti fi nǹkan bò ó. Ohun tí mo yàn ni ike ńlá kan tí a ti yọ bí ẹ̀yìn ọkọ̀ gan-an, tí a kàn ń gbé sí inú rẹ̀ bí ìgbà tí a bá gbé àwo sínú àwo, tí a ó sì fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́lẹ̀. Mo yàn án nítorí pé kò wọ́n, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ kò gbà ju wákàtí kan lọ, àti nítorí pé ó rẹwà lójú mi. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, ó sì béèrè pé, “Àbúrò mi, ǹjẹ́ omi kò ní máa wọ abẹ́ rẹ̀?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ike nìyí. Omi kì í wọ inú ike.”

“Kí a máa gbé e sókè wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ńkọ́?”

“Ẹ má ṣe ìyọnu,” ni mo wí.

Òótọ́ ni mo sọ, ẹ̀yin ará, òótọ́ náà sì ni ó tàn mí jẹ. Omi kì í wọ inú ike, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó dí i lọ́wọ́ láti gba ẹ̀gbẹ́ ike kọjá. Omi òjò wọlé, omi yìnyín wọlé, omi ara ẹja wọlé. Yanrìn tẹ̀lé e. Bí ọkọ̀ sì ti ń gbọ̀n lójú ọ̀nà, ike náà ń gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀, yanrìn tí ó wà ní àárín àwọn méjèèjì sì ń ha ọ̀dà bí sáńpépà tí ń ha igi. Nígbà tí ọ̀dà lọ tán, omi tí oòrùn kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti gbẹ ẹ́ jókòó lórí irin ní ìhòòhò, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ ní abẹ́ ike tí ó ń dán lójú wa. Mo ń fọ ojú ike náà ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì ń yin ara mi.

Ní oṣù Keje ọdún 2022, nígbà tí òjò ń rọ̀ ní àrọ̀ìdá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi nílé ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá wo ọkọ̀. Nígbà tí mo já símẹ́ǹtì tán lánàá, tí mo gun ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí i pé ilẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ bí ẹní tí a tẹ́ sórí fóòmù.”

Mo bá a lọ. A tú nọ́ọ̀tì, a sì gbé ike náà sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rin. N kò lè gbàgbé òórùn tí ó jáde. Yanrìn kún igbá kan. Ìpẹ́ ẹja, ewé àti omi dúdú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ilẹ̀ ọkọ̀ náà ti pupa bí osùn. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ojú kan, àtàǹpàkò mi sì kọjá lọ sí òdì kejì. Ihò mẹ́rin ni a kà, ọ̀kan nínú wọn sì tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi jáde wá. Ó wo ọkọ̀, ó wò mí, ó sì padà wọlé. Bí ó bá bú mi ni, ara ìbá tù mí.

Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, mo lọ bá ọkùnrin kan tí ń fín ohun ìbora dúdú sí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù. N kò ní dárúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní sọ ibi tí ó wà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ihò wọ̀nyẹn, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọ̀gá, èyí kò le. A ó wá nǹkan dí ihò náà, a ó sì fín in lórí. Nígbà tí ẹ bá rí i, ẹ ó rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ọkọ̀ ojú omi bọ́ sílẹ̀ ni. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gbèrò láti tà á, ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ kí ẹ tó tà á.”

Ní àkókò yẹn gan-an, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Langbasa, bíríkìlà ni, tí ó ti ń bẹ̀ wá láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta pé kí a ta ọkọ̀ náà fún òun. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo sì ń ṣírò lọ́kàn mi: iye tí fífín yóò gbà, iye tí bíríkìlà yóò san, iye tí a ó fi kún un láti ra òmíràn. Ìṣirò náà pé. Inú mi dùn. Ẹ má ṣe rò pé olè ni mí, ẹ̀yin òǹkàwé. Bí ìdẹwò ti ń wá nìyẹn. Kì í fi ariwo wọlé. Aṣọ ìṣirò owó ni ó máa ń wọ̀ wá, a sì jókòó tì wá bí ọ̀rẹ́.

Mo lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń fá ìpẹ́ ẹja lọ́wọ́. Ó gbọ́ mi títí mo fi parí, ó sì fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, “Àbúrò mi, ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ta ẹja. Bí mo bá kó ẹja tí ó ti rà sí ìsàlẹ̀ agbọ̀n, tí mo to tútù lé e lórí, owó yóò wọlé lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ilé ni oníbàárà yóò ti tú agbọ̀n náà. Ọmọ tí o fẹ́ ta ọkọ̀ fún yìí, ṣé òun kò ní ìyá ni? Ní ọjọ́ tí ó bá kó òṣìṣẹ́ márùn-ún sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì já lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, orúkọ ta ni wọn yóò pè? Orúkọ bàbá àwọn ọmọ mi ni ó wà nínú ìwé ọkọ̀ náà.”

Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. N kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ.

A gbé ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń na ara ọkọ̀. Wọ́n gé gbogbo ibi tí ó ti jẹrà kúrò, títí wọ́n fi dé ibi tí irin funfun wà, wọ́n sì jó irin tuntun mọ́ ọn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni iṣẹ́ náà gbà. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́sàn-án náà, ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni a fi ń kó ẹja láti Ẹ̀pẹ́, èrè ọjà sì wọ àpò ẹlòmíràn. Èmi ni mo san owó irin àti owó iṣẹ́ láti inú àpò ara mi, nítorí pé ìmọ̀ràn mi ni ó fa ìbàjẹ́ náà. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Mo sì ti rí i pé ọbẹ̀ tí ó jóná nítorí àìbìkítà, owó ìlọ́po méjì ni ó ń pa.

Wàyí o, ó kù kí a yan ohun tí a ó fi bò ó. Ní ìgbà yìí, n kò fi ojú yàn. Mo fi ẹsẹ̀ rìn, mo fi ẹnu béèrè, mo sì dé ọjà Ládípọ̀ ní Mushin pàápàá, níbi tí àwọn ohun èlò ọkọ̀ pọ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí n to ohun tí mo rí lẹ́sẹẹsẹ fún àǹfààní ẹni tí ó bá wà ní ipò wa.

Èkíní ni ike tí a ti lò rí. N kò ní sọ pé kò dára rárá. Ẹni tí ó bá ń gbé e sókè ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, tí ó ń fọ abẹ́ rẹ̀, tí ó sì ń jẹ́ kí ó gbẹ, lè lò ó pẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa tú nọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn? Ojú rẹ̀ a sì máa yọ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, kúlà ẹja a sáré láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì.

Èkejì ni rọ́bà nínípọn tí a ń tẹ́ bí ẹní. Èyí kò wọ́n, ẹrù kì í yọ̀ lórí rẹ̀, ènìyàn kan ṣoṣo sì lè ká a kúrò láti gbá abẹ́ rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé ilẹ̀ nìkan ni ó ń bò, kì í bo ẹ̀gbẹ́. Omi a sì máa sùn sí abẹ́ rẹ̀ bí a kò bá ká a. Síbẹ̀, ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò bá wúwo, tí kì í kó ohun tí ń ro omi, mo gbà á nímọ̀ràn pé kí ó ra rọ́bà, kí ó sì fi owó tí ó kù ra ìwé fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni pákó. Pákó a máa mu omi, a sì máa gbé omi náà rọ̀ mọ́ irin fún ọjọ́ púpọ̀. A kò dúró lórí rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni irin alumíníọ̀mù tí a yọ àwòrán sí lára. Ó lágbára, ó sì rẹwà. Ṣùgbọ́n bí alumíníọ̀mù bá fara kan irin, tí omi iyọ̀ sì wà ní àárín wọn, ọ̀kan a máa jẹ ìkejì, alumíníọ̀mù ni í sì í máa jẹ̀bi nínú ìjà náà. Ní ilẹ̀ Lekki, omi iyọ̀ kì í wọ́n. Bí ìkún ẹja bá sì dà sí orí rẹ̀, ẹni tí ó bá gùn ún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidigidi.

Ẹ̀karùn-ún ni ọ̀dà oní-rọ́bà tí ènìyàn lè fi búrọ́ọ̀ṣì kùn fúnra rẹ̀ nílé. Owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ó dára fún ẹni tí ó ní sùúrù láti kùn ún lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n kì í nípọn tó èyí tí a ń fi ẹ̀rọ fín.

Ẹ̀kẹfà ni èyí tí a ń fín, òun náà ni ọkùnrin ọjọ́sí fẹ́ fi tàn mí. Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ó jẹ́. Polyurethane ni wọ́n ń pè é. Ará Jámánì kan, Otto Bayer, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Leverkusen ni ó ṣe àwárí rẹ̀ ní ọdún 1937. Àwọn ìbátan rẹ̀ kò ṣàjèjì sí yín: fóòmù tí ẹ ń sùn lé jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà mìíràn. Ti ẹ̀yìn ọkọ̀, omi méjì ni, tí a kì í jẹ́ kí wọ́n pàdé nínú àgbá. Ẹ̀rọ a mú wọn gbóná, a tì wọ́n jáde pẹ̀lú agbára, ẹnu ìbọn tí a fi ń fín in ni wọ́n sì ti ń pàdé. Bí wọ́n bá ti bà lé ara irin, láàárín ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n ti ń dì. Ìnípọn rẹ̀ a máa tó nǹkan bíi mílímítà 3. Àǹfààní rẹ̀ tí ó borí gbogbo ìyókù ni pé ó lẹ̀ mọ́ irin tímọ́tímọ́. Kò sí àyè fún omi, kò sí àyè fún yanrìn, kò sí ihò nọ́ọ̀tì, gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà a sì di ọ̀kan ṣoṣo tí a lè da omi ọṣẹ sí, kí a sì fọ òórùn ẹja kúrò.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí òun ni ìdí tí mo fi mú kálàmù: ohun ìbora yìí kì í wo ìpẹtà sàn. Ohun tí a bá fín in lé ni ó ń dì mú. Bí a bá fín in lé irin mímọ́, irin ni ó dì mú. Bí a bá fín in lé ìpẹtà, ìpẹtà ni ó dì mú, àwọn méjèèjì yóò sì jọ ṣí kúrò lọ́jọ́ kan. Bí a bá fín in lé epo tàbí ọ̀rá ẹja, kò ní rí ohun kan dì mú rárá.

A rí oníṣẹ́ mìíràn nígbà tó yá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni a gbé ọkọ̀ lọ bá a. Kò bèèrè owó. Ó sùn sí abẹ́ ọkọ̀, ó fi iná wo ibi tí a jó, lẹ́yìn náà ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan irin, ó ní, “Irin yìí ń làágùn. N kò ní fín in lónìí.” Mo bínú. Mo rò pé ọ̀lẹ ni. Ó ṣàlàyé fún mi pé ọ̀kan nínú omi méjì náà a máa bá ọ̀rinrin jà bí ó bá pàdé rẹ̀, ìjà náà a sì yọ afẹ́fẹ́ tí yóò sọ ohun ìbora náà di èéfọ́, bí ojú àkàrà tí kò dára. Ó ní kí a fi ọ̀dà àkọ́kọ́ sílẹ̀ lórí irin náà, kí a tẹ́ rọ́bà sí i fún ìgbà díẹ̀, kí a sì padà wá nígbà ọyẹ́. Oníṣẹ́ tí ó lé owó padà nítorí kí iṣẹ́ rẹ̀ lè dára! Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ọ̀dọ̀ ẹni yìí ni a ó ti ṣe é.”

Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ọyẹ́ mú, a sì padà lọ. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, wọn kò fín ohun kankan. Wọ́n fọ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, wọ́n nù ún, wọ́n fi sáńpépà ha gbogbo rẹ̀ kí ó lè ní ojú tí ohun ìbora yóò dì mú, wọ́n fi bébà bo gíláàsì àti ara ọkọ̀, wọ́n sì fi nǹkan dí ihò tí omi ń gbà jáde kí wọ́n lè ṣí i padà lẹ́yìn iṣẹ́. Nígbà tí ó tó àkókò láti fín, wọ́n wọ aṣọ tí ó bo gbogbo ara, wọ́n sì de ìbòmú tí ń gba afẹ́fẹ́ mímọ́ láti ìta. Ó lé ọmọ wa jáde kúrò nítòsí. Ó ní isocyanate tí ń bẹ nínú rẹ̀ lè kó ikọ́ sémìísémìí bá ẹni tí ó bá ń fa á símú, àti pé bí ara ènìyàn bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìwọ̀nba kékeré tún lè sé e ní èémí lẹ́yìn náà. Mo rántí ọkùnrin àkọ́kọ́, àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi àkísà bo imú. Láti ọjọ́ náà ni àánú wọn ti ń ṣe mí. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kọ́ irú iṣẹ́ yìí, ẹ lọ wo ohun tí a fi ń bo imú rẹ̀. Fífín náà fúnra rẹ̀ kò gbà tó wákàtí kan.

Owó tí a san ju ìlọ́po mẹ́ta owó ike lọ. Títí di òní, a kò tíì rí ìpẹtà kan ní ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n n kò ní fi àbùkù rẹ̀ pamọ́ fún yín, kí èmi náà má bàa di ẹni tí ń to ẹja tútù lé èyí tí ó rà. Àwọ̀ dúdú rẹ̀ ti ṣá nínú oòrùn, ó ti ń dà bí eérú. A lè fi òmíràn tí oòrùn kì í pa kùn ún lórí, ṣùgbọ́n owó ni. Ojú rẹ̀ le koko, a máa bó awọ orúnkún, a sì máa ya àpò símẹ́ǹtì bí a bá wọ́ ọ nílẹ̀. Bí jàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀ tí a ní láti na ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, yíyọ rẹ̀ kúrò yóò jẹ́ iṣẹ́ ńlá. Nítorí náà, ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, èmi àti ọmọ náà a máa sùn sí abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, nítorí ìpẹtà lè gba ìsàlẹ̀ wá nígbà tí òkè ṣì ń dán. A ń fi omi tí kò ní iyọ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́yìn gbogbo ìrìn àjò Ẹ̀pẹ́. A ń wò bóyá ihò omi kò dí. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Bí mo bá ti ń ṣe é láti ọdún 2018 ni, ọ̀rọ̀ ìbá má dé ibi tí ó dé.

Ní ṣókí, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bo ẹ̀yìn ọkọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ ń kó. Ẹrù ni kí ó yan ìbora, kì í ṣe ojú. Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ ohun tí yóò ṣe kí ó tó fín in. Bí ó bá yára dé ibi fífín, ẹ yára kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí a ti fín ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú mininjọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí dídán rẹ̀ tó yín. Ẹ sùn sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan irin láti ìsàlẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ní ọdún tí ó kọjá, bíríkìlà Langbasa náà tún wá bá wa, ó ti rí owó kó jọ. A kò ta ọkọ̀ fún un, ṣùgbọ́n mo bá a lọ wo èyí tí ó fẹ́ rà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Mo tẹ́ bébà sílẹ̀, mo sùn sí abẹ́ rẹ̀, mo sì fi àtàǹpàkò tẹ ojú kan níbẹ̀. Nígbà tí mo dìde, mo sọ ohun tí mo rí fún un, ó sì gbé owó rẹ̀ padà sílé. Mo ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kò sọ ohun púpọ̀. Ó mú ọ̀bọ̀kún ńlá kan nínú agbọ̀n rẹ̀, ó fi bébà wé e, ó sì ní kí n gbé e lọ fún ìyàwó mi.

Ó dìgbà o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi.